Ta ló sọ fọ́mọ pé píńkì ni tobìnrin?

Àbúrò mi obìnrin bí ìbejì, ọkùnrin kan obìnrin kan, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo ní kí n ra ike omi tí wọ́n á máa gbé lọ sílé ìwé fún wọn, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀, èyí tó nípọn dáadáa ku méjì péré nílẹ̀, píńkì sì ni méjèèjì. Mo rà á. Omi ni wọ́n fẹ́ mu, kí ló kan àwọ̀ níbẹ̀. Bí mo ṣe délé, Kẹ́hìndé tó jẹ́ obìnrin ti já tiẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó, ó gbé e mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ. Táíwò wo tiẹ̀, ó wojú mi, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn àga, ó wá ń fi ẹsẹ̀ rọra tì í wọ abẹ́ àga lọ. Mo ní Táíwò kí ló dé, ṣé o ò fẹ́ ẹ ni? Ó ní, "Àǹtí, ti gẹ́ẹ̀lì ni." Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, mi ò sì rí ọjọ́ tí ìyá wọn pè wọ́n jókòó pé ẹ wò ó, àwọ̀ báyìí ni tìẹ, àwọ̀ báyìí ni tìẹ. Ibo ló ti wá gbọ́ ọ? Ọ̀pọ̀ òbí tí mo bi ló ní bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, mo ka ohun táwọn tó ń fi iṣẹ́ wọn wádìí ọmọdé ti rí, torí pé ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ilé báyìí, ìjọba gan-an ti ń ṣòfin lé e lórí. Ní California, Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin kan lọ́dún 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024, pé ṣọ́ọ̀bù ńlá tó bá ní òṣìṣẹ́ 500 sókè tó sì ń ta nǹkan ọmọdé gbọ́dọ̀ ní apá kan tí wọn ò ti ní pín nǹkan ìṣeré sí tọmọkùnrin àti tọmọbìnrin. Ọdún 2021 yẹn kan náà ni LEGO, àwọn tó ń ṣe bíríkì ìṣeré, sọ pé àwọn fẹ́ yọ irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọjà àwọn. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, ẹ wo ayẹyẹ gender reveal, èyí tí wọ́n fi ń kéde bóyá ọkùnrin ni oyún tàbí obìnrin, tí wọ́n ń ṣe kiri Èkó àti Ìbàdàn, kéèkì, bàlúùnù, èéfín píńkì tàbí ti búlúù, ọmọ ò tíì jáde nínú ìyá ẹ̀ wọ́n ti pín àwọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ojú ọmọ fúnra ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ò fi bẹ́ẹ̀ rí àwọ̀, ẹyinjú ẹ̀ ṣì ń dàgbà, àwọ̀ tó bá pọ́n gan-an tó sì gba àyè lè dé ojú ẹ̀ àmọ́ èyí tó ku ṣì ṣú fún un. Tó bá tó bí oṣù méjì ó ti ń dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, búlúù àti yẹ́lò máa ń tẹ̀lé e, nígbà tó bá fi pé bí oṣù mẹ́rin, àwọ̀ tá à ń rí lòun náà ń rí. Ìyẹn ni pé gbogbo aṣọ píńkì àti búlúù tẹ́ ẹ gbé lọ síbi ìkómọ, ojú ẹ̀yin ni wọ́n wà fún, ọmọ ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ ohun tí ọmọ oṣù mẹ́rin fẹ́, nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀? Ojú ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á gbé ọmọ jókòó, wọ́n á gbé àwọ̀ méjì síwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá máa ṣọ́ ojú ẹ̀, èwo ló kọ́kọ́ wò, èwo ló tẹjú mọ́ pẹ́. Ẹni tó ti pọn ọmọ rí mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ wọ mọ́tò, ìyá kan tó wé gèlè pupa jókòó níwájú, ọmọ ẹ̀yìn yín á tẹjú mọ́ gèlè yẹn títí tẹ́ ẹ fi máa bọ́ọ́lẹ̀. Anna Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọmọ ọwọ́ jù ní Britain, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dán irú èyí wò fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2010. Àwọn ọmọ náà tẹjú mọ́ ohun tó sún mọ́ pupa ju àwọn yòókù lọ. Ọkùnrin àtobìnrin o. Wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì.

Ọdún 2010 náà ni Vasanti Jadva, Melissa Hines àti Susan Golombok gbé tiwọn jáde láti Cambridge, ọmọ 120 ni wọ́n lò, ọmọ ọdún kan, ọdún kan àtààbọ̀, àti ọdún méjì. Mo fẹ́ràn èyí gan-an torí pé kì í ṣe àwọ̀ nìkan ni wọ́n wò. Wọ́n gbé àwòrán ọmọláńgidi àti mọ́tò síwájú wọn, àwọn obìnrin wo ọmọláńgidi ju bí àwọn ọkùnrin ṣe wò ó lọ, àwọn ọkùnrin náà wo mọ́tò ju bí àwọn obìnrin ṣe wò ó. Ẹ ò rí i, wọn ò fi pa mọ́ pé ìyàtọ̀ wà níbì kan. Àmọ́ nígbà tó kan àwọ̀, pípọ́n ni gbogbo wọn ń wò, wọ́n fi búlúù sílẹ̀, ọkùnrin bẹ́ẹ̀, obìnrin bẹ́ẹ̀. Táíwò ọmọ ọdún kan ì bá gba ike yẹn lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀.

Ìgbà wo ló wá yí padà? Vanessa LoBue àti Judy DeLoache ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ ìyẹn gan-an, ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2011. Wọ́n kó àwọn ọmọ jọ láti oṣù méje títí dé ọdún márùn-ún, wọ́n á gbé nǹkan kékeré méjì tó jọra síwájú ọmọ pé mú ọ̀kan, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà ọ̀kan nínú méjèèjì á jẹ́ píńkì. Àwọn tó kéré jù, kò sí ìyàtọ̀. Tó bá ti di bí ọmọ ọdún méjì, àwọn obìnrin ti ń mú píńkì ju àwọn ọkùnrin lọ, nígbà tó fi máa di ọdún méjì àtààbọ̀ ó ti hàn gbangba pé píńkì ni wọ́n ń wá. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni ti àwọn ọkùnrin, torí pé bí ọjọ́ orí wọn ṣe ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá fún píńkì sí i. Sísá ni o. Kì í ṣe pé wọ́n rí àwọ̀ mìíràn tó wù wọ́n jù, ọ̀kan pàtó ni wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn.

Kí ló wà ní ọdún méjì sí mẹ́ta? Ìgbà yẹn ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ọmọkùnrin lòun tàbí ọmọbìnrin lòun, tó bá sì ti mọ̀ ọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tó bá a mu kiri. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Carol Martin àti Diane Ruble, fi ọmọdé wé ọlọ́tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ń wo gbogbo ibi, ta ló wọ èyí, ta ni wọ́n ra tọ̀hún fún, ta ni wọ́n fi ṣẹ̀sín. Kò sẹ́ni tó ní láti pè é kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ ike omi yẹn, Kẹ́hìndé ló wá sọ ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀ fún mi, ó ní ọmọkùnrin kan ní kíláàsì àwọn gbé báàgì píńkì wá, báàgì ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ni, gbogbo wọn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi sunkún. Mo ní Táíwò náà ńkọ́? Ó ní Táíwò wà nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó gbé ike pa mọ́ sábẹ́ àga fún, ó ti rí ohun tójú ẹni tó gbé píńkì wá máa ń rí.

Àwọn tó ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ní ohun tí wọ́n gbé ọwọ́ lé o, mi ò ní fi dù wọ́n. Lọ́dún 2007 Anya Hurlbert àti Yazhu Ling láti Newcastle dán àwọ̀ wò fún èèyàn 208, àwọn ọmọ ilẹ̀ Britain ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ará Ṣáínà wà níbẹ̀ náà, wọ́n rí i pé tọkùnrin tobìnrin ló fẹ́ràn búlúù, àmọ́ tàwọn obìnrin fì sí ọ̀nà pupa díẹ̀. Wọ́n wá sọ pé bóyá nítorí pé àwọn obìnrin ayé àtijọ́ ló ń já èso nínú igbó, ojú wọn ní láti tètè rí èyí tó pọ́n láàárín ewé. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri ayé, píńkì ti di ti ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún sókè ni àwọn tí wọ́n dán an wò fún, àwọn tó ti lo ogún ọdún nínú ayé tó ń pín àwọ̀ fúnni. Ẹ ò lè bi ẹni tó ti jẹun tán pé ebi ń pa á àbí kò pa á nígbà tó jí. Ohun téèyàn sì rò nípa èso jíjá, àbá ni, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Hurlbert àti Ling gan-an wà lára àwọn tó bá Franklin ṣe ti ọmọ ọwọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ níbẹ̀.

Èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí jù lójú tèmi ni èyí tó jáde lọ́dún 2021. Jac Davis àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ronú pé tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, a jẹ́ pé ibi gbogbo ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ bi àwọn ọmọ tí ṣọ́ọ̀bù nǹkan ìṣeré àti ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Wọ́n lọ bá àwọn ọmọ Shipibo nínú igbó Amazon ní Peru, wọ́n lọ sí abúlé àwọn tó ṣì di àṣà ìbílẹ̀ wọn mú ní erékùṣù Tanna ní Vanuatu, wọ́n lọ bá àwọn BaYaka tó ń ṣọdẹ tí wọ́n ń wá oúnjẹ nínú igbó ní Congo, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ọmọ ìlú ńlá ní Australia. Ní ìlú ńlá nìkan ni àwọn ọmọbìnrin ti ń mú píńkì ju àwọn ọkùnrin lọ. Ní abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ọmọbìnrin kan náà tí Ọlọ́run dá, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àṣà píńkì yìí gan-an ò tíì gbó. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà lọ́dún 1884, ọmọ kan bí ọdún méjì àtààbọ̀ jókòó, irun ẹ̀ gùn dé èjìká, ó wọ gáùn funfun, ó gbé fìlà tó ní ìyẹ́ ẹyẹ dání, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ó ní ọmọbìnrin ni. Franklin Roosevelt ni o, ẹni tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń wọṣọ fún ọmọ nígbà náà nìyẹn, gáùn funfun fún takọ tabo, torí pé funfun ṣe é sè ṣe é fi búlíìṣì fọ̀. Nígbà tí àwọ̀ wá dé, wọn ò tíì mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ìwé àwọn oníṣòwò aṣọ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1918 sọ pé píńkì ni tọmọkùnrin torí pé ó lágbára, búlúù ni tọmọbìnrin torí pé ó tutù ó sì rọra. Lọ́dún 1927 nígbà tí Princess Astrid ti Belgium bí ọmọbìnrin, magasíìnì Time kọ ọ́ pé wọ́n ti fi píńkì ṣe ibùsùn ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́ sílẹ̀, torí pé ọkùnrin ni wọ́n ń retí. Jo Paoletti tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Maryland ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí èyí. Àwọn míì, bíi Marco Del Giudice, ti fèsì pé ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé ó yí padà pátápátá, pé búlúù fún ọkùnrin wà nínú ìwé àtijọ́ náà, mo sì gbà fún wọn, ohun tó jọ òótọ́ jù ni pé kò sí òfin kan, oníkálukú ń ṣe tiẹ̀.

Ẹ wò ó, òwò ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni píńkì bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sọ́dọ̀ obìnrin, ìyàwó Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà wọ gáùn píńkì lọ síbi ijó tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ìbúra ọkọ ẹ̀ lọ́dún 1953, gbogbo ayé rí i. Nígbà tí síkáànì wá wọ́pọ̀ láàárín 1980 sí 1990, tí òbí ti ń mọ ohun tó wà nínú oyún, wọ́n ti lè lọ ra gbogbo nǹkan sílẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ ronú ẹ̀ bí ìyá ọlọ́mọ. Ní ilé tiwa, aṣọ ẹ̀gbọ́n làbúrò ń wọ̀, ọ̀kan náà ni báàgì, ọ̀kan náà ni sálúbàtà àti ìbùsùn, ó lè lo ọmọ mẹ́ta mẹ́rin kó tó di àkísà. Àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ píńkì tó sì jẹ́ pé ọkùnrin ló tẹ̀ lé e, ẹ ó tún bọ́ sọ́jà nìyẹn. Ọmọ tí kíláàsì Táíwò fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ohun tí ìyá ẹ̀ ṣe kò ju ohun tí gbogbo ìyá tó láròjinlẹ̀ ti ń ṣe látijọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, níbo ni wọ́n ti rí píńkì? Nínú èdè wa dúdú, funfun àti pupa ni ìpìlẹ̀, ìyókù a fi nǹkan júwe ẹ̀, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, elése àlùkò. Píńkì ò ní orúkọ àtijọ́ kankan, orúkọ tó gbé wọ̀lú náà ló ṣì ń jẹ́. Aró tó jẹ́ búlúù wa, obìnrin ló ń rẹ ẹ́, tọkùnrin tobìnrin ló ń wọ̀ ọ́, ẹtù dúdú kirikiri lára àgbà ọkùnrin, àdìrẹ lára ìyá ẹ̀. Àlàárì tó pọ́n, wọ́n fi ń dá agbádá fún ọkọ ìyàwó, wọ́n fi ń ró ìró fún ìyàwó. Ẹ tún wo Ṣàngó, ta ló lè sọ pé Ṣàngó kì í ṣe ọkùnrin, pupa sì laṣọ ẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbé e dání dé ibẹ̀, títí dòní pupa àti funfun ni ti Changó, búlúù àti funfun ni ti Yemayá, Yemọja tó jẹ́ ìyá. Ìyá gan-an ló ni búlúù níbẹ̀. Mo sọ èyí torí ẹni tó bá ní àṣà Yorùbá ló ní kí ọmọkùnrin má wọ píńkì, kó lọ bi àgbà wò.

Ẹ lè ní kí ló wá burú níbẹ̀, ṣebí àwọ̀ lásán ni. Ní Hong Kong, Sui Ping Yeung àti Wang Ivy Wong mú yẹ́lò àti gíríìnì, àwọ̀ méjì tí kò sí ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin níbẹ̀, wọ́n sọ fún apá kan lára àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí méje pé yẹ́lò ni tọmọbìnrin, gíríìnì ni tọmọkùnrin, apá kejì wọn ò sọ nǹkan kan fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn tí wọ́n sọ fún ti pín ara wọn kíákíá, obìnrin sí yẹ́lò, ọkùnrin sí gíríìnì, ìwádìí náà jáde lọ́dún 2018. Wong yìí náà pẹ̀lú Melissa Hines ti kọ́kọ́ ṣe èyí tó jáde lọ́dún 2015 pẹ̀lú àwọn ọmọ kékeré ní Britain, wọ́n fún wọn ní rélùwéè àti ọmọláńgidi láti fi ṣeré, wọ́n ń yí àwọ̀ wọn padà láàárín píńkì àti búlúù. Nígbà tí rélùwéè jẹ́ búlúù tí ọmọláńgidi jẹ́ píńkì, àlàfo tó wà láàárín bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ṣe ń ṣeré gbòòrò sí i. Nígbà tí wọ́n gbé àwọ̀ náà pààrọ̀, ó dínkù. Ohun tí ọmọ fi ń ṣeré ló fi ń kọ́ ọwọ́ àti ọpọlọ ẹ̀. Tí ọ̀dà kan bá lè lé ọmọbìnrin kúrò nídìí rélùwéè tó ń tò pọ̀ tó ń tú ká, tó lè lé ọmọkùnrin kúrò nídìí ọmọláńgidi tó yẹ kó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ, mi ò lè pe ìyẹn ní àwọ̀ lásán mọ́.

Ti gender reveal yẹn, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jenna Karvunidis ni wọ́n ní ó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2008, ó gé kéèkì, inú ẹ̀ jẹ́ píńkì. Látìgbà náà ó ti di iná àti ìbọn, ti California lọ́dún 2020 jó igbó lọ rẹpẹtẹ, panápaná kan kú sí i. Lọ́dún 2019 Karvunidis fúnra ẹ̀ jáde sọ pé òun kábàámọ̀ ẹ̀, ó gbé fọ́tò ẹbí ẹ̀ síta, ọmọ tí wọ́n gé kéèkì píńkì fún yẹn ló wọ kóòtù àti ṣòkòtò dúró níbẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ gba píńkì lọ́wọ́ Kẹ́hìndé o. Bí ẹnì kan bá fẹ́ràn nǹkan torí pé wọ́n kọ́ ọ, ìfẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Berkeley, Stephen Palmer àti Karen Schloss, ti fi hàn lọ́dún 2010 pé àwọ̀ tó bá wà lára ohun téèyàn fẹ́ràn lèèyàn máa ń fẹ́ràn, Kẹ́hìndé ti rí píńkì lára kéèkì ọjọ́ìbí ẹ̀, lára bàtà tó fẹ́ràn jù, lára ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ òde, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní fẹ́ ẹ. Táíwò náà, búlúù Chelsea tí bàbá ẹ̀ ń wọ̀ ló ń wù ú. Ohun tí mo bá ìyá wọn sọ ni pé kó má ṣe máa rẹ́rìn-ín mọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá mú àwọ̀ èkejì, kó sì lọ bá olùkọ́ wọn sọ ọ̀rọ̀ báàgì yẹn, ó sì ti lọ.

Ike píńkì yẹn ṣì wà. Tí wọ́n bá wà nílé, òun ni Táíwò ń fi mumi, òun ló ń gbé dání tí wọ́n bá ń wo katúùnù, ó ti fi eyín jẹ etí ìdérí ẹ̀. Tó bá wá di àárọ̀ Mọ́ńdè tí ìyá wọn ń kó nǹkan sínú báàgì, á sáré lọ gbé ti àtijọ́ tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wá, èyí tó máa ń jò sórí ìwé ẹ̀.